Wọ́n rí hẹpatáítìsì B nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún: kí ni èsì yẹn ń sọ gan-an?

Aboyún kan lè máa jẹun dáadáa, kó máa sùn dáadáa, kí ara rẹ̀ sì le koko, kí nọ́ọ̀sì wá sọ fún un lọ́jọ́ tó wá gba èsì àyẹ̀wò pé hẹpatáítìsì B wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní irọ́ ni, pé ara tó dá ṣáká báyìí kò lè ní àrùn ẹ̀dọ̀. Àwọn mìíràn á bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Àrùn náà lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe ẹni ní nǹkan kan, nítorí náà ara líle kò já èsì náà nírọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àrùn tí ìyá lè kó ran ọmọ, díẹ̀ ni ọ̀nà àtidènà wọn dá àwọn oníṣègùn lójú tó ti eléyìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni àsìkò. Abẹ́rẹ́ wà, oògùn wà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà, àmọ́ àfi kí wọ́n tètè dé ara ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ náà palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gbogbo hẹpatáítìsì ló jẹ́ ẹ̀dọ̀ wíwú, fáírọ́ọ̀sì márùn-ún tó sábà máa ń fà á ni wọ́n sì fi lẹ́tà sọ lórúkọ, láti A dé E. Yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀ tí gbogbo wọ́n ń bá jà, ìwà wọn kò dọ́gba. A àti E ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá wọlé, wọn kì í sì í sábà pẹ́ lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé E burú gan-an fún aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó tilẹ̀ lè pa á. C ń gba inú ẹ̀jẹ̀, kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá ti wà. D kò lè dá wà, ẹni tó bá ní B nìkan ló lè ní i. B tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara wọlé. Àjẹsára rẹ̀ dára púpọ̀, àmọ́ kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ti bá a kalẹ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun náà ti ní hẹpatáítìsì rí, pé oògùn kan báyìí ló lé e lọ, ẹ bi í pé lẹ́tà wo ni.

Ó ku ìwé àyẹ̀wò. HBsAg ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ara ìta fáírọ́ọ̀sì náà ni àyẹ̀wò yìí ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló rí i ní àwọn ọdún 1960 nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Keje, ni gbogbo ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Hẹpatáítìsì títí di òní. Bí HBsAg bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì náà wà lára ẹni báyìí. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á ní ó ti di alábàágbé.

Lẹ́tà mìíràn tún wà tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn lásán. Anti-HBs ni wọ́n ń kọ, ó sì jọ ti àkọ́kọ́ débi pé ẹni tí ó bá rí “pọ́sítíìfù” níwájú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò yẹ kó gbọ̀n o. Anti-HBs ni ohun ìjà tí ara ti rọ sílẹ̀ de fáírọ́ọ̀sì náà, bóyá nípasẹ̀ àjẹsára, bóyá torí pé ara ti bá a jà rí, tó sì ṣẹ́gun. Ìròyìn ayọ̀ ni. Anti-HBc ní tirẹ̀ ń fi hàn pé ara ẹni ti pàdé fáírọ́ọ̀sì náà gan-an rí, lónìí tàbí láyé àtijọ́. Àjẹsára kì í mú un wá. Tí HBsAg bá wà, dókítà lè tún béèrè HBeAg, èyí tó máa ń fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà ń bí sí i kíkankíkan, tàbí HBV DNA, èyí tó ń ka iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjì yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ewu tó wà fún ọmọ ṣe tó. Ohun kékeré kan rèé tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tó gba àjẹsára ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, títí dé nǹkan bí ọjọ́ 18, lè rí HBsAg pọ́sítíìfù tí kì í ṣe àrùn, torí ara ìta fáírọ́ọ̀sì náà ni wọ́n fi ṣe àjẹsára ọ̀hún. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Ní báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń pariwo aboyún tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àgbàlagbà ọkùnrin náà ń ní in? Nítorí ọjọ́ orí ni. Bí ẹni tó kó àrùn yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa pẹ́ lára rẹ̀ tó. Àgbàlagbà tó kó o lè ṣàìsàn gidi: ẹyinjú rẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, á máa bì, á rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ara rẹ̀ á sábà lé e dànù. Nínú 100 irú wọn, àwọn tí àrùn náà máa bá kalẹ́ kò tó 5. Ọmọ tó kó o láàárín ọdún kan sí márùn-ún ńkọ́? Nínú 100, á bá 30 sí 50 kalẹ́. Ti ìkókó ló wá burú jù. Nínú 100 tó kó o nígbà ìbí tàbí kí wọ́n tó pé ọdún kan, nǹkan bí 90 ló máa wà lára wọn títí ayé.

Ó yani lẹ́nu, torí ìkókó yẹn kì í sunkún, ara rẹ̀ kì í gbóná, ojú rẹ̀ kì í sábà pọ́n. Ìdí ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí gan-an kọ́ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ run ní tààrà. Ìjà tí ara wa ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ ló ń fa wíwú, ìrora àti ojú pípọ́n. Ara ìkókó dà bí ọlọ́dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lónìí, tó bá ẹnìkan nínú ọgbà, tó sì rò pé ọmọ onílé ni. Kò ní dá a dúró, kò ní bi í léèrè. Ọdún á gorí ọdún, olè náà á ti mọ gbogbo yàrá. Ìgbà tí ọlọ́dẹ bá wá fura, bóyá ọmọ náà ti pé ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ìjà á bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, á máa fi àpá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀dọ̀ á fi gan, tàbí kí jẹjẹrẹ yọ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni hẹpatáítìsì B ń bá gbé, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.1 ló kú nítorí rẹ̀ lọ́dún náà. Láti kékeré ni púpọ̀ nínú wọn ti kó o.

Èyí kan ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò kọjá, torí ó ti tú ilé ká. Bí wọ́n bá rí hẹpatáítìsì B lára aboyún, ìbéèrè àkọ́kọ́ nílé ni pé, “Ọ̀dọ̀ ta lo ti kó o?” Lóòótọ́, ìbálòpọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan tó ń gbà ràn. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ohun tí mo sọ nípa ọjọ́ orí. Obìnrin tí fáírọ́ọ̀sì náà ti bá kalẹ́ ṣeé ṣe kó ti kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tàbí nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó mọ ọkọ rẹ̀ rárá. Oyún kọ́ ló mú un wá, àyẹ̀wò oyún ló kàn jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀. HBsAg kò lè sọ ọjọ́ tí àrùn wọlé, kò sì lè sọ ẹni tó kó o ranni. Ọkọ tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kó lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ìyẹn ló wúlò fún gbogbo ilé. Bí òun kò bá ní i, tí ara rẹ̀ kò sì tíì ní ohun ìjà sí i, kó gba àjẹsára, kí wọ́n sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí yóò fi gbà á pé.

Báwo ló ṣe ń dé ara ọmọ? Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, ibi ọmọ máa ń dènà púpọ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kó o nínú oyún. Ọjọ́ ìbí ni ewu wà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti omi ara rẹ̀ bá kan ọmọ bó ṣe ń jáde bọ̀. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ìyá tí HBeAg rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù máa ń kó o ran ọmọ 70 sí 90 nínú 100. Bí HBeAg kò bá sí, ó máa ń jẹ́ 10 sí 40. Ẹ kíyè sí i pé èyí kejì náà kì í ṣe òdo, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní, “Tèmi ò pọ̀, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Àjẹsára ni olórí ohun tó ń dá a dúró. Ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lílò ní 1981, òun sì ni àjẹsára àkọ́kọ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ kan lára ọmọ ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, inú ìwúkàrà ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè nínú rẹ̀, kò sì lè fún ọmọ ní àrùn. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ni abẹ́rẹ́ tún fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ti gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kọjá. Ìbéèrè gidi ni. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í yára: láti ìgbà tó bá wọlé, ó lè tó oṣù kan sí mẹ́fà kí àmì àìsàn kankan tó yọ. Bí abẹ́rẹ́ bá tètè fi ojú olè náà han ọlọ́dẹ, ohun ìjà á ti wà nílẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó fìdí múlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ọwọ́ ti bọ́.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá a lábàá láti 2009 pé kí gbogbo ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, yálà ìyá rẹ̀ ní àrùn náà o, yálà kò ní i o. Taiwan ti bẹ̀rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní i, wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ lẹ́yìn náà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń mú àwọn ọmọdé níbẹ̀ sì dínkù gidigidi. Síbẹ̀, títí di 2022, àwọn ọmọ tuntun tó rí abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí yìí gbà lásìkò kò tó ìdajì ní gbogbo ayé. Lójú tèmi, èyí dunni ju àrùn náà fúnra rẹ̀ lọ.

Wákàtí 24 kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ lè dé lóru, lọ́jọ́ ìsinmi, tàbí nílé. Wọ́n lè sọ pé ẹni tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ ò wá lónìí, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè níbi tí ẹ máa bímọ sí pé ṣé abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B ti ọmọ tuntun wà nílẹ̀, ta ló máa fún un, àti pé bí kò bá sí níbẹ̀, ibo lẹ máa gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó máa tẹ̀ lé yín lọ mọ̀ ọ́n sórí, torí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè má rántí. Ẹ jẹ́ kí èsì HBsAg wà níwájú ìwé oyún yín níbi tí agbẹ̀bí á ti tètè rí i. Bí wákàtí 24 bá ti wá kọjá, ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé, ẹ ṣì gbé ọmọ lọ. Agbára abẹ́rẹ́ náà ń dínkù bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni, kì í ṣe pé ó ti pin pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n ti lú u pọ̀ mọ́ àwọn àjẹsára tí ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ tí kò tó kílò méjì nígbà ìbí náà máa gba ti ọjọ́ ìbí, àmọ́ wọn kò ní kà á mọ́ iye tó yẹ kó gbà, torí ara rẹ̀ lè má tíì lágbára tó láti dá a lóhùn dáadáa.

Níbi tí agbára bá ká a, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù á tún gba abẹ́rẹ́ kejì lọ́jọ́ kan náà, sí itan kejì. HBIG ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àjẹsára: ohun ìjà tí ara ẹlòmíràn ti rọ parí ni, tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tó sì ń tán láàárín oṣù díẹ̀. Àjẹsára tó pé pẹ̀lú HBIG ń dáàbò bo ọmọ 85 sí 95 nínú 100. Bí HBIG kò bá sí ní àrọ́wọ́tó, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá àjẹsára dúró.

Àwọn tí abẹ́rẹ́ nìkan kò tó fún ni ọmọ tí fáírọ́ọ̀sì pọ̀ jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn. Bí HBV DNA bá tó 200,000 IU/mL (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fáírọ́ọ̀sì nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún ìyá ní oògùn tenofovir láti máa lò lójoojúmọ́ nínú oyún kí iye rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbí tó dé. Ní 2020, ọ̀sẹ̀ 28 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà 2024 wá gbà pé níbi tí kò bá sí àyẹ̀wò HBV DNA tàbí HBeAg, a lè fún gbogbo aboyún tí HBsAg rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù orúkọ oògùn náà. Wọ́n ń lò ó fún HIV náà, àwọn kan sì ti rí i nínú àpò ẹni tó lóyún, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Oògùn kan náà lè wúlò fún àrùn méjì. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, àní lẹ́yìn ìbímọ, torí àrùn náà lè ru sókè lójijì. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á dá a dúró àti bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde ńkọ́? Kò sí ìdí láti tìtorí hẹpatáítìsì B nìkan ṣe é. Ọmú ńkọ́? Ẹ fún ọmọ lọ́mú. Ìyá tó ní hẹpatáítìsì B lè fún ọmọ lọ́mú láti wákàtí àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ọmọ ló máa dá ààbò bò ó. Bí orí ọmú bá bó tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó bá yín tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí àrùn yìí ń fi ohun tó dájú pé ó ń ṣe é láǹfààní du ọmọ lásán.

Nínú ilé, ẹ jọ máa jẹun, ẹ jọ máa mu omi, ẹ dì mọ́ra yín, ẹ jọ máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ikọ́ àti sísín kì í gbé e ràn. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan ni abẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná àti ohunkóhun tó lè fara kan ẹ̀jẹ̀, torí fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè níta ara fún ó kéré tán ọjọ́ 7, kódà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Aboyún tí àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, tí kò sì tíì gba àjẹsára, lè gbà á nínú oyún láìséwu.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ku àyẹ̀wò kan. Oṣù 9 sí 12 ni wọ́n ń ṣe é: HBsAg láti mọ̀ bóyá ó kó o, anti-HBs láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti ní ohun ìjà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ṣe é kí oṣù 9 tó pé, torí ohun ìjà HBIG lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí èsì wá ṣini lọ́nà.

Ìyá ńkọ́? Òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, inú gbogbo ènìyàn dùn, ìwé àyẹ̀wò ti wọ inú àpótí. Bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó nílò dókítà tí yóò máa yẹ ẹ̀dọ̀ náà wò láti ìgbà dé ìgbà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le, tí yóò sì sọ ìgbà tí oògùn bá tọ́. Kó yẹra fún ọtí, kó má sì máa gbé àgbo tàbí oògùn tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mì. Àwọn ọmọ tó ti bí ṣáájú eléyìí náà yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Bí oyún mìíràn bá dé, kó mú ìwé yẹn dání lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí abẹ́rẹ́ tí ọmọ àkọ́kọ́ gbà kò dé ara èyí tó ń bọ̀.